Ta Ni Yóò Sin Aláìsàn Dé Èbúté? Ẹ̀kọ́ Ògúndá Méjì fún Dókítà àti fún Awo

 Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀rúnmìlà, ẹ̀yin ìyánífá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fẹ́ mọ ohun tí Ifá wí, Zion Pepe, létí òkun Ìlàjẹ, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.  

Ọ̀rọ̀ òní wúwo díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbé wá bá mi, pàápàá àwọn ọmọ tí òbí wọn wà lórí ibùsùn. Wọ́n á ní, "Baba Awo, dókítà ti sọ fún wa pé àìsàn yìí kò ní lọ mọ́. Ṣé ó yẹ kí ẹni tó ń ṣàìsàn gbọ́ ọ? Bí dókítà bá sọ ọ́ sí i lójú, ṣé kò dà bí ẹni pé ó gbé e ṣépè?" Mo ti ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lónìí mo fẹ́ dáhùn ní gbangba, kí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa náà lè gbọ́. Ògúndá Méjì ni mo ti máa yọ ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí Ifá wí

Nínú Ògúndá Méjì, Ifá bi àwọn òrìṣà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: èwo nínú yín ló lè bá ẹni tó ń sìn ín rin ìrìn àjò tó jìn, kí ó kọjá òkun, kí ó má sì pẹ̀yìn dà? Ṣàngó ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní òun tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, bí o bá wá rìn títí, tí o dé Kòso ilé baba rẹ, tí wọ́n ro àmàlà, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n gbé orógbó àti àkùkọ sílẹ̀ dè ọ́ ńkọ́? Ṣàngó ní bí òun bá ti yó tán, ilé òun lòun ń padà sí. Wọ́n ní ìwọ kọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bi Ọya, tó ní bí òun bá dé Ìrá. Wọ́n bi Òòṣàálá, tó ní bí òun bá dé Ìfọ́n. Wọ́n bi Ògún, tó ní bí òun bá dé Ìrè. Kálukú ló ní ibì kan lójú ọ̀nà tí oúnjẹ rẹ̀ ti ń dúró dè é, tí yóò sì ti padà. Ọ̀rúnmìlà gan-an kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀: bí òun náà bá dé Òkè Ìgẹ̀tí, tí wọ́n ṣe òun lálejò, òun á padà sílé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ pin sí ẹnu gbogbo wọn, Ifá tú u: Orí ẹni nìkan ló lè bá ènìyàn dé òpin ìrìn àjò láì padà. Bí ènìyàn bá kú, wọn kì í gé orí rẹ̀ sílẹ̀ sin ara tó kù. Ibi tó bá lọ, Orí rẹ̀ ló bá a lọ.

Ẹ̀yin ará ilé, àwa tí a ń gbé orí omi mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹlòmíràn lọ. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sí agbami, gbogbo ilé ló ń sìn ín dé èbúté. Ìyàwó á gbé oúnjẹ sínú ọkọ̀, ọmọ á gbé gálọ́ọ̀nù epo, àgbà á ṣàdúrà. Tí okùn bá ti tú, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ nìkan ló ń lọ. Kò sí ẹni tó máa bá ẹni tó kù sí etíkun jà pé kí ló dé tí kò wọ omi. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní, "Mò ń bá ọ lọ," tó sì mọ̀ pé òun kò lọ, irọ́ ló pa. Bí ẹnì kan bá sá lọ sílé kí ọkọ̀ tó ṣí, ó jìnnà sí ọmọlúàbí.

Ohun tí mo fẹ́ kí dókítà mú nínú ẹsẹ̀ yìí nìyẹn. Ẹ̀yin dókítà, ẹ ní Kòso tiyín. Ibì kan wà tí oògùn yín ti ń parí, tí ọ̀bẹ yín kò lè kọjá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, nítorí Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun náà á padà. Ohun méjì ló burú: kí ẹ máa ṣe bí ẹni pé ẹ máa bá aláìsàn dé òdìkejì, àti kí ẹ sá lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà ní èbúté.

Àrùn là á wò, a kì í wo ikú

Àwọn ènìyàn wa máa ń fi òwe yìí pa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu. Tí dókítà bá ti ní àìsàn le, wọ́n á ní, "Àrùn là á wò, a kì í wo ikú," gbogbo ilé á sì dákẹ́. Ẹ tún òwe náà gbọ́ dáadáa. Ó ní kí á mọ èyí tó wà níwájú wa. Tó bá jẹ́ àrùn, ẹ wò ó. Tó bá jẹ́ ikú ló ti jókòó sí ìloro, iṣẹ́ kò tán, iṣẹ́ mìíràn ló kàn. Ìrora wà níbẹ̀ láti tù. Èémí tó ń ṣòro wà níbẹ̀. Ẹ̀rù òru wà níbẹ̀. Ìjà ẹbí tó yẹ kí á parí wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe nǹkan tí mo ń fi èrò ara mi dá sílẹ̀. Ní ọdún 1967, dókítà obìnrin kan, Cicely Saunders, ṣí ilé ìtọ́jú St Christopher's sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn tí àìsàn wọn ti kọjá ìwòsàn. Ní ọdún 1993, Anne Merriman dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Ùgáńdà, tí wọ́n ń po mọ́fíìnì olómi tí aláìsàn lè mu nínú ilé ara rẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, UCH Ìbàdàn ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún irú ìtọ́jú yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Sóyánnwò sì wà lára àwọn tó fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n ní àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ bá aláìsàn nílé. Nítorí náà, dókítà tó bá sọ fún ẹbí pé "kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́" kò sọ ọ́ tán. Ìwòsàn ni kò sí mọ́. Ìtọ́jú ṣì wà.

Kí ló dé tí a fi ń fi pamọ́?

Ẹ̀rù ni. A gbà pé ọ̀rọ̀ ní àṣẹ, òótọ́ sì ni. Ẹni tó bá dárúkọ ikú fún aláìsàn, ojú tí a fi ń wo ẹni tó ń pe ikú la fi ń wò ó. Ní etí òkun wa níbí, ìtàn kan wà tí àwọn àgbà kò gbàgbé: nígbà tí wọ́n tẹ Aiyétòrò dó ní ọdún 1947, lára ìgbàgbọ́ àwọn ará ibẹ̀ nígbà yẹn ni pé ẹni tó bá di ìgbàgbọ́ mú kò ní kú mọ́. N kò fi wọ́n ṣẹ̀sín o, ọmọ òkun kan náà ni wá. Ṣùgbọ́n ikú wá síbẹ̀, bó ṣe ń wá síbi gbogbo.

Ẹ wo ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí. Gani Fawẹ̀hinmi, ọmọ Oǹdó, tó papòdà ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, kò fi jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ pamọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún aráyé. Gómìnà Rótìmí Akérédolú papòdà ní ilẹ̀ Jámánì ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2023. Àhesọ ni gbogbo ìlú fi ọdún yẹn jẹ, ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni ìjọba tó wá sọ pé jẹjẹrẹ prostate ni. N kò bá ẹbí kankan wí, nítorí àṣírí ara ẹni ni, olúwarẹ̀ ló ni ín. Ohun tí mò ń sọ ni pé aláìsàn fúnra rẹ̀ ló yẹ kó yàn bóyá kí ayé gbọ́ tàbí kí ayé má gbọ́. Kò lè yan ohunkóhun bí òun gan-an kò bá mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014, ní abala 23, pàṣẹ kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn sọ fún un bí ara rẹ̀ ṣe wà, ìtọ́jú tó wà, ewu àti iye owó rẹ̀, àti pé ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú. Òfin náà fi àyè kékeré sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹ̀rí tó dájú bá wà pé ọ̀rọ̀ náà á ṣe aláìsàn ní jàǹbá. Ó tún ní kó jẹ́ ní èdè tó yé aláìsàn, bó bá ti lè ṣeé ṣe. Ẹ gbọ́ ọ o: ní èdè tó yé e. Baba apẹja tó gbọ́ Ìlàjẹ nìkan, tí dókítà ń da gẹ̀ẹ́sì bò mọ́lẹ̀, kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ifá náà kìlọ̀ fún àwa awo. Nínú Ìká-Òfún, lára ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ni pé kí wọ́n má ṣe fi orúkọ ohun kan pe ohun mìíràn. Ẹni tó bá pe jẹjẹrẹ ní ọgbẹ́ inú fún aláìsàn ti tẹ òfin yẹn lójú.

Bí a ṣe ń sọ ọ́

Ní báyìí, ẹ̀yin dókítà, báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́? Ní ọdún 2000, Walter Baile, Robert Buckman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ìlànà ìgbésẹ̀ mẹ́fà kan jáde fún dókítà tó fẹ́ sọ ìròyìn tí kò dára. Wọ́n pè é ní SPIKES. Nígbà tí ọmọ awo kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ẹ̀rín pa mí, nítorí pé bí a ṣe ń dá Ifá ló rí.

Ìkíní, ibi ìjókòó. Babaláwo kì í ki Ifá fún ènìyàn ní òòró lójú ọ̀nà. Ẹní là ń tẹ́. Dókítà, ẹ fa àga, ẹ jókòó, ẹ pa fóònù, ẹ bi aláìsàn ní, "Baba, ta lẹ fẹ́ kó wà níbí pẹ̀lú wa?"

Ìkejì, ohun tó ti mọ̀. Ẹni tó wá dá Ifá ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó tó mú lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Kí lẹ mọ̀ nípa àìsàn yìí? Kí ni ọkàn yín ń sọ fún yín?" Ọ̀pọ̀ wọn ti mọ̀ ju ọmọ wọn lọ.

Ìkẹta, iye tó fẹ́ gbọ́. Ìbò la fi ń bi Ifá díẹ̀díẹ̀, a kì í fi ìbéèrè kan fa gbogbo rẹ̀ yọ. Ẹ bi í: "Ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún yín, àbí àkọ́bí yín ni kí n bá sọ̀rọ̀?" Bí ó bá ní àkọ́bí, ó dáa, òun ló yàn án.

Ìkẹrin, ọ̀rọ̀ gan-an. Bí Ifá bá fọ ibi, babaláwo á sọ bóyá ikú ni tàbí àrùn tàbí òfò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó mọ́ sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dá ọjọ́ fún un bí ẹni dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ lè ní, "Ó jọ pé oṣù là ń kà báyìí, kì í ṣe ọdún. Ó lè dín, ó lè lé."

Ìkarùn-ún, ìbànújẹ́ rẹ̀. Ẹ dákẹ́. Bó bá ń sunkún, ẹ jẹ́ kó sunkún. Bó bá ń bínú, ẹ̀yin kọ́ ló ń bá jà.

Ìkẹfà, ohun tó kàn. Awo kì í sọ ibi tán kó káṣọ rẹ̀ nílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí a ó ṣe. Ẹ bi í: "Kí ló ká yín lára jù lọ? Níbo lẹ fẹ́ wà? Ta lẹ fẹ́ rí?" Kí ẹ sì sọ èyí tó tóbi jù: "A kò ní fi yín sílẹ̀."

Baba apẹja kan

Mo rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Baba apẹja kan wà ní agbègbè yìí, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Inú ń dùn ún, ó ń gbẹ. Àwọn ọmọ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá kan nígboro. Dókítà tó rí i pe àkọ́bí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sọ gẹ̀ẹ́sì wéréwéré, ó ní kí wọ́n máa gbé Baba lọ sílé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ sọ fún Baba pé ọgbẹ́ inú ni.

Nígbà tí Baba tọ̀ mí wá, kò béèrè ikú, kò béèrè ìyè. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́. Oníṣòwò kan ní Ìgbókòdà gbà láti tà á ní tuntun fún un láwìn, kó máa san án díẹ̀díẹ̀ nígbà tí edé bá pọ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun gbà á. Mo dá Ifá, Ifá ní kí Baba béèrè ohun tí ilé rẹ̀ ń fi pamọ́. Mo ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ. Mo ní, "Ṣé gbèsè ẹ́ńjìnì yìí lẹ fẹ́ jogún? Ẹ wá dókítà tó máa bá Baba yín sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà."

Dókítà ọ̀dọ́ kan ni wọ́n rí, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ sì ń bá wọn tú ọ̀rọ̀. Dókítà náà fa àga, ó jókòó. Ó béèrè ohun tí Baba mọ̀. Baba ní, "Wọ́n ní ọgbẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tó ń gbẹ ènìyàn bí ẹja orí àtàn, èmi kò rí i rí." Ó bi í bóyá ó fẹ́ gbọ́ ohun tí àyẹ̀wò fi hàn. Baba ní, "Ẹni tó bá tètè rí ìjì ló ń ráyè ká àwọ̀n." Dókítà wá sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni, pé ó ti tàn kálẹ̀, ọ̀bẹ kò lè kó o mọ́. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Baba náà dákẹ́ títí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìrora òru yìí ńkọ́? Ṣé bẹ́ẹ̀ ló máa rí títí?"

Láti ìgbà tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Kò rí ẹni bi, nítorí ọgbẹ́ inú ni gbogbo ilé ń pè é. Dókítà ní rárá, oògùn wà fún ìrora, ó sì fún un.

Baba kò gba ẹ́ńjìnì. Ó pín àwọ̀n rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ti ń bára wọn yodì nítorí ojú ìpẹja kan, wọ́n parí rẹ̀. Ó sọ fún àwọn ọmọ pé òun kò fẹ́ kú sígboro, kí wọ́n máa wá owó mọ́tò àti owó ọkọ̀ tí wọ́n máa fi gbé òkú òun wá sílé. Ó sọ ẹni tí òun fẹ́ kó ṣe ẹ̀tùtù ìsìnkú awo fún òun. Ilé rẹ̀ ló kú sí lẹ́yìn oṣù díẹ̀, orí ẹní tirẹ̀, omi ń lu òpó ilé nísàlẹ̀. Ṣé èpè nìyẹn? Ẹ sọ fún mi.

Ọ̀rọ̀ kan fún awo, ọ̀kan fún ọmọ

Ẹ̀yin awo ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Bí a bá rí i pé ìrìn àjò ti dé etíkun, ẹ jẹ́ kí á má máa gba ewúrẹ́ lé ewúrẹ́ lọ́wọ́ ẹbí tí kò ní owó epo mọ́tò. Gbogbo ẹbọ kọ́ ló ń yẹ ikú. Ẹbọ mìíràn ń tún ọ̀nà ṣe ni, ó ń mú ọkàn balẹ̀, ó ń parí ìjà. Ká sọ èyí tó jẹ́. Ká má sì sọ fún aláìsàn pé kó da oògùn ìrora nù. Ọ̀rúnmìlà kò bá ẹni tó ń tu ènìyàn lára jà.

Ẹ̀yin ọmọ, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú yín fi pamọ́. Ẹ̀rù ń bà yín pé Baba á ti ipa ọ̀rọ̀ kú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú Baba yín. Ó rí i pé ẹ ń sunkún ní kọ̀rọ̀, pé àlejò ń pọ̀, pé ẹni tí kì í wá ń wá. Ó mọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ń fi ara pamọ́ fún ara yín, òun náà sì ń dá nìkan wà láàárín èrò. Orí nìkan ló máa bá a kọjá òkun, òótọ́ ni. Ibi tí a bá a dé, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èbúté, kó má jẹ́ ìdajì ọ̀nà.

Kí Ọ̀rúnmìlà fún wa ní ẹ̀mí gígùn nínú àlàáfíà. Kí Orí wa má pa wá tì. Bí ọjọ́ àgbà bá sì dé, kí á rí ẹni jókòó tì wá, tí yóò fi òtítọ́ àti ìfẹ́ bá wa sọ̀rọ̀, tí kò ní sá. Kí dókítà wa má ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Kí awo wa má purọ́ mọ́ Ifá. Kí ilé wa má dàrú lẹ́yìn wa.

Àṣẹ o. Àbọrú, àbọyè!